Prógírámù mi ò tẹ nǹkan kan jáde nínú Git Bash: ta ló gbé èsì pamọ́?

ÌBÉÈRÈ:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Windows ni mò ń lò, Git Bash ni mo fi ń pe kóòdù mi torí olùkọ́ wa ò fẹ́ rí cmd sójú. Mo kọ C kékeré kan tó máa béèrè ọjọ́ orí èèyàn kó wá sọ iye tó máa jẹ́ lọ́dún mẹ́wàá sí i, mo fi gcc kọ̀mpáìlì ẹ̀, kò kìlọ̀ nǹkan kan, mo wá tẹ ./ojoori.exe, kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi o, kọ́sọ̀ kàn ń ṣẹ́jú sí mi. Mo dúró dúró, ó sú mi, mo tẹ Ctrl+C. Ọ̀rẹ́ mi náà fi .exe C++ tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, orí MSYS2 (àkójọ irinṣẹ́ tó ní gcc fún Windows) ló ti kọ̀mpáìlì ẹ̀, tìyẹn ò tiẹ̀ dúró rárá, ó padà sí $ bí ẹni pé n ò pe ẹnì kankan. Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé nínú VS Code tèmi ń ṣiṣẹ́ geerege. Wọ́n ti ní kí n yọ Git Bash kí n tún un fi sí, wọ́n ní kí n lọ gba WSL (Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows), ẹnìkan tiẹ̀ ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ṣé Git Bash ni ò dáa ni àbí èmi?

* * *

Má yọ nǹkan kan, má sì tún nǹkan kan fi sí. Dátà ẹ lo máa fi ṣòfò lásán.

Àìsàn méjì ló wà nínú ohun tó o kọ yìí, wọ́n kàn jọra lójú ni, ìwọ fúnra ẹ lo sì ti sọ ìyàtọ̀ wọn láìmọ̀. Tìẹ dúró, kọ́sọ̀ ń ṣẹ́jú. Ti ọ̀rẹ́ ẹ padà sí $ lójú ẹsẹ̀. Èyí tó dúró yẹn wà láàyè, ìwọ ló ń dúró dè. Èyí tó padà kíá yẹn, ó ṣeé ṣe kó máà tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá. Gbogbo àwọn tó ń sọ fáírọ́ọ̀sì àti WSL ò béèrè èyí lọ́wọ́ ẹ kí wọ́n tó máa kọ oògùn.

Torí náà ṣe nǹkan méjì fún mi. Pe tìẹ, má wo ojú ẹ̀, ṣe bíi pé ó ti béèrè, tẹ 21 kó o tẹ Enter. Lẹ́yìn ìyẹn pe ti ọ̀rẹ́ ẹ, bó bá ṣe ń padà sí $ báyìí, tẹ èyí, má fi kọmáǹdì mìíràn sáàárín o:

echo $?

Nọ́ńbà kan máa jáde. Òdo ni tó bá jẹ́ pé ó parí iṣẹ́ ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohunkóhun tó bá jáde, kọ ọ́ síbí.

* * *

(Ẹni tó béèrè padà dé: ó ní òun tẹ 21, òun tẹ Enter, gbogbo ẹ̀ sì dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí láìnì kan ṣoṣo, ìbéèrè àti ìdáhùn, "Omo odun melo ni e? Ni odun mewaa si i, o maa pe 31". Ti ọ̀rẹ́ ẹ̀, 127.)

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú tìẹ ná, 127 yẹn ń bọ̀.

Prógírámù ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ látìbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè yẹn ni ò tí ì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Wíńdò dúdú tó o ń pè ní Git Bash yẹn, mintty lorúkọ ẹ̀, inú ayé Cygwin (irinṣẹ́ tó gbé àwọn kọmáǹdì Unix wá sórí Windows) ló ti wá, ara kóòdù PuTTY ni wọ́n sì ti gbé e jáde. Lórí Unix, wíńdò irú ẹ̀ máa ń bá prógírámù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ nǹkan tí wọ́n ń pè ní pty, ìyẹn tẹ́mínà àfarawé, prógírámù á sì gbà pé tẹ́mínà gidi ni òun wà. Windows ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ títí di 2018 tí Windows 10 version 1809 gbé ConPTY dé. Cygwin sì ti wà láti 1995. Kí ni kí wọ́n ṣe láti ìgbà yẹn? Wọ́n fi páìpù Windows, ìyẹn ọ̀nà tí prógírámù kan ń gbà kó dátà fún òmíràn, ṣe ayédèrú tẹ́mínà. Bash, ls, grep, gbogbo àwọn tí wọ́n bá ayédèrú yẹn kọ́lé pọ̀ mọ àṣírí ẹ̀. .exe tí gcc MinGW (gcc tó ń ṣe .exe Windows) ẹ ṣe ò mọ ọ̀kankan nínú ẹ̀, Windows nìkan ló mọ̀, ó bi Windows pé ibo ni mò ń kọ̀wé sí, Windows ní páìpù.

Bí C bá sì ti gbọ́ páìpù, ó gbà pé kò sẹ́ni tó ń wò. Á wá máa kó ọ̀rọ̀ jọ sínú bọ́fà, 4096 báìtì lọ́wọ́ kan, bíi danfo tí kò ní kúrò ní gáréèjì àfi tó bá kún tàbí tó bá di ọkọ̀ àṣekágbá. Ìbéèrè ẹ ò tó ọgbọ̀n lẹ́tà, ibo ló ti fẹ́ kún. Ìgbà tí main parí ló tú gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀.

VS Code tó o ní ó ń ṣiṣẹ́, ConPTY ni wọ́n lò níbẹ̀, prógírámù ẹ rí kòńsólù gidi, kò kó nǹkan kan jọ. Kóòdù kan náà, wíńdò méjì.

Tó o bá ní Python, fojú ara ẹ rí i. Tẹ èyí nínú Git Bash:

python -c "import sys; print(sys.stdout.isatty())"

False ló máa sọ, ìyẹn ni pé òun ò rí tẹ́mínà. Wá tẹ winpty, irinṣẹ́ tó ń wá kòńsólù gidi fún prógírámù, síwájú ẹ̀, kọmáǹdì kan náà, True. Kò sí nǹkan mìíràn tó yí padà.

Ohun tó o máa ṣe sí kóòdù ẹ kó lè tú bọ́fà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ rèé, lẹ́yìn printf tó béèrè, kó tó kan scanf:

fflush(stdout);

Tàbí kó o fi èyí, tó ní kó má kó nǹkan kan jọ rárá, sí ìbẹ̀rẹ̀ inú main lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó o sì sùn:

setvbuf(stdout, NULL, _IONBF, 0);

Tó ò bá fẹ́ fọwọ́ kan kóòdù, winpty ./ojoori.exe. Ó ti wà nínú Git for Windows tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan tó o máa dáńlóòdù.

* * *

Mo rí àwọn tó ní "ṣá fi \n sí ìparí printf, ó máa jáde". Rárá o. Orí Linux lẹ ti gbọ́ ìyẹn, níbi tí tẹ́mínà ti jẹ́ tẹ́mínà, òótọ́ ni níbẹ̀. Nínú páìpù, \n jẹ́ lẹ́tà kan bíi ti gbogbo lẹ́tà, kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Ẹlòmíràn á ní ká wá lo setvbuf pẹ̀lú _IOLBF kó lè máa jáde láìnì láìnì, ìyẹn gan-an ló dùn jù, torí Microsoft kọ ọ́ kedere sínú ìwé wọn pé lórí Win32, _IOLBF ò yàtọ̀ sí _IOFBF, ìyẹn kó máa kó o jọ títí bọ́fà á fi kún. O ní kó máa tú u láìnì láìnì, ó ní mo ti gbọ́, ó ṣì ń kó o jọ. _IONBF ni tàbí fflush, kò sí ẹ̀kẹta.

Àwọn oní-C++ ló máa ń wá bá mi jiyàn níbí pé "èmi ò rí irú ẹ̀ rí, cout mi ń jáde". Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa jáde. Wọ́n so cin mọ́ cout látilé, bí cin bá fẹ́ kàwé ó máa kọ́kọ́ sọ fún cout pé kó tú ẹrù ẹ̀ sílẹ̀. Endl náà ń tú u sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń díje, tẹ́ ẹ ti há cin.tie(nullptr) sórí tẹ́ ẹ̀ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo nǹkan kó lè yára, ẹ ti já okùn yẹn fúnra yín, ẹ má wá bi wá léèrè.

* * *

Ọ̀rọ̀ winpty. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó kọ alias (ìnagijẹ kọmáǹdì) sínú .bashrc, fáìlì tí bash ń kà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, kí winpty máa ṣíwájú python, node, mysql, gbogbo ayé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra. Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń sọ bẹ́ẹ̀, torí python tẹ́ ẹ bá tẹ̀ láìfi nǹkan tẹ̀ lé e nínú mintty kì í fi >>> hàn, ó kàn máa dákẹ́ ni, òun náà ti rí páìpù, ó rò pé ẹ fẹ́ ti fáìlì kan bọ òun lẹ́nu. Winpty tán ìyẹn, python -i náà tán an. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ

python kaa.py | less

alias yẹn á dìde, á ní "stdout is not a tty", ẹ ò sì ní rí nǹkan kan. Iṣẹ́ winpty ni láti wá kòńsólù fún prógírámù tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Prógírámù tó ń bá prógírámù sọ̀rọ̀ ò fẹ́ ẹ. Tó bá jẹ́ Python tó ń tẹ láìnì jáde láàárín iṣẹ́ gígùn lẹ fẹ́ máa wò, python -u ló tọ́ yín, tàbí PYTHONUNBUFFERED=1, kò sì ní ba páìpù yín jẹ́. Stdbuf, irinṣẹ́ Linux tó ń yí bọ́fà padà, tí ẹnìkan dárúkọ ò ní ṣiṣẹ́ fún .exe Windows o, LD_PRELOAD ló fi ń wọlé, Windows ò sì mọ LD_PRELOAD rí.

WSL ńkọ́? Mo fẹ́ràn WSL. Tó bá jẹ́ Linux ni kóòdù yín ń lọ, ẹ gba WSL, ọ̀rọ̀ ti parí. Àmọ́ ọmọ yìí fẹ́ kọ .exe tí olùkọ́ ẹ̀ máa ṣí lórí Windows, RAM kọ̀ǹpútà tọ́pọ̀ ọmọ ilé ìwé ń lò sì jẹ́ 4GB, WSL2 máa gbé máṣíìnì Linux kan dìde lórí ìyẹn, ẹ ṣàánú RAM rẹ̀. Nítorí fflush kan?

Èmi, ohun tí mo máa ń ṣe fún ẹni tí ò fẹ́ ronú nípa ẹ̀ mọ́ rárá ni pé kó fi Windows Terminal ṣí bash. Bash kan náà ni, bin\bash.exe tó wà nínú fóldà Git, wíńdò ló yí padà, kò sí mintty láàárín, ayédèrú tẹ́mínà kúrò ńlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ mintty ẹ̀ lọ́ran-anyàn, ó lè fi MSYS=enable_pcon sínú environment Windows kó tó ṣí wíńdò, ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń fi Git sí wọ́n béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín, àpótí kékeré kan tó ní experimental tí gbogbo wa fojú fò. Ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ò pè é ní experimental lásán ṣá, àwọn prógírámù kan máa ń yí ojú wíńdò yín rú.

* * *

127 wàyí. Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà.

Bash fúnra ẹ̀ máa ń fi 127 sọ pé òun ò rí kọmáǹdì, àmọ́ tó bá jẹ́ ìyẹn ó máa kọ "command not found" sójú ẹ. Tí 127 bá wá láìsí ọ̀rọ̀ kankan, .exe yẹn wà níbẹ̀, Windows ló gbé e, tí kò lè gbé e dìde. Níṣe ló wá DLL (fáìlì kóòdù tí prógírámù ń yá lò) tó nílò, kò rí i, tàbí ó rí èyí tí kì í ṣe tiẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ máa rí "error while loading shared libraries", lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ò ní rí nǹkan kan, dídákẹ́ yẹn ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe nínú main fún odidi ìrọ̀lẹ́, nígbà tí main ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí kò fi sọ̀rọ̀? Windows mọ ohun tó ń ṣe é, ó sì máa ń gbé àpótí ìkìlọ̀ jáde láti sọ ọ́. Cygwin àti MSYS (ọmọ Cygwin tí Git Bash dúró lé) ló ní kó má gbé e jáde mọ́, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣẹ́ẹ̀lì ò fẹ́ kí àpótí dí òun lọ́nà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sì jogún àṣẹ yẹn. Torí náà jáde kúrò nínú Git Bash, lọ sínú fóldà yẹn, fi máòsì tẹ .exe náà lẹ́ẹ̀mejì, kó o ka ohun tó bá gbé wá.

* * *

(Ó padà: "Ẹ̀gbọ́n, àpótí kan jáde lóòótọ́, ó ní application was unable to start correctly, 0xc000007b." Mo ní kó tẹ where libstdc++-6.dll, ohun kan ṣoṣo tó jáde ni C:\MinGW\bin\libstdc++-6.dll.)

Ẹ ti rí i báyìí. Gcc àtijọ́ ló wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ, ti 32-bit. MSYS2 ọ̀rẹ́ ẹ, 64-bit. Prógírámù 64-bit wá libstdc++-6.dll kiri inú PATH ẹ (àwọn fóldà tí Windows ń wá nǹkan nínú wọn), ó rí orúkọ, ó gbá a mú, ó rí i pé 32-bit ni, 0xc000007b nìyẹn. Orúkọ ò ní ìyàtọ̀ lára, ìyẹn ló ba ti Windows jẹ́ fún wa, tó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ sára fáìlì náà ni kò ní rí èyí tí kì í ṣe tiẹ̀ gbé.

Ìdí tí C tìẹ ò fi ní wàhálà yẹn ni pé printf inú DLL Windows fúnra ẹ̀ ló wà, gbogbo Windows ló ní i. C++ ló máa ń ru libstdc++ àti libgcc lọ síbi gbogbo, nígbà míì libwinpthread-1.dll á tún tẹ̀ lé wọn.

Oògùn tó yá jù, kí ọ̀rẹ́ ẹ kọ̀mpáìlì ẹ̀ báyìí:

g++ ise.cpp -o ise.exe -static

Fáìlì náà máa sanra, àmọ́ kò ní béèrè DLL lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà. Ẹnìkan ní ká kó DLL náà sínú fóldà kan náà pẹ̀lú .exe, ó ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni Windows kọ́kọ́ ń wò. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ fún iṣẹ́ ilé ìwé, ẹ máa gbàgbé ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó ní kí wọ́n lọ dáńlóòdù libstdc++-6.dll láti orí ìkànnì tó ń pín DLL, kó jọ̀ọ́ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ wà.

Ìwọ fúnra ẹ, MinGW 32-bit yẹn ti dàgbà, gba MSYS2, fi gcc ucrt64 sí i, fi C:\msys64\ucrt64\bin síwájú nínú PATH, yọ ti àtijọ́ kúrò. Èyí nìkan ni mo gbà pé kó o ná dátà sí nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún ẹ.

* * *

Ẹ jẹ́ n yára dá àwọn tó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ lóhùn.

Ẹni tó ní òun tẹ cmd /c dir nínú Git Bash, kò rí fáìlì kankan, orúkọ Windows nìkan ló jáde: MSYS ló rí /c, ó rò pé àdírẹ́sì fóldà ni, ó sọ ọ́ di C:\ kó tó gbé e fún cmd. Cmd ò rí àṣẹ kankan gbọ́, ó jókòó, ẹ sì ti wà nínú cmd láìmọ̀, ẹ tẹ exit. Ẹ kọ ọ́ báyìí: cmd //c dir. Bẹ́ẹ̀ náà ni docker tó ń sọ pé òun ò rí /app, tó wá ń dárúkọ C:/Program Files/Git/app, ẹ fi MSYS_NO_PATHCONV=1 síwájú ẹ̀.

Ẹni tí ohun gbogbo dúró lójijì láàárín iṣẹ́, tí kíbọọ̀dù ò dáhùn: ẹ fẹ́ sefú fáìlì, ọwọ́ yín lọ sí Ctrl+S. Nínú tẹ́mínà, "dúró" nìyẹn túmọ̀ sí láti ayé ìgbà tẹ́mínà ń lo wáyà. Ctrl+Q.

Ẹni tó wà lórí WSL tí ìbẹ̀rẹ̀ láìnì ẹ̀ ń sọnù: o gbé ọdún láti ọ̀dọ̀ powershell.exe sínú v, o wá echo "$v ni odun yii", ọdún ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọdún wà níbẹ̀. Powershell fi \r sí ìdí ẹ̀, bash yọ \n nìkan, \r wá dá kọ́sọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìnì, " ni odun yii" gun orí ẹ̀. Fi cat -A wò ó, wà á rí ^M. tr -d '\r' ló ń yọ ọ́.

* * *

Ìbéèrè kan kù tí mi ò fẹ́ kó ṣófo, ẹni tó ní òun ní prógírámù C tó ń ka sẹ́ńsọ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, òun fi sílẹ̀ lálẹ́, òun tẹ Ctrl+C láàárọ̀, òun ò bá nǹkan kan. Gbogbo wa ti ń sọ níbí pé èsì ò sọnù, ó kàn pẹ́ ni. Tìẹ sọnù o. Bọ́fà inú prógírámù ló wà, Ctrl+C pa prógírámù kó tó tú u sílẹ̀, kò sí ibi tá a ti lè lọ wá a. Bákan náà ni tí prógírámù bá kú fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí Segmentation fault, tí echo $? sọ 139, tẹ́ ẹ wá wo printf tó jáde kẹ́yìn tẹ́ ẹ ní ibẹ̀ ló kú sí. Kì í ṣe ibẹ̀. Ó ti kọjá ibẹ̀ dáadáa, àwọn printf tó tẹ̀ lé e ló bá a kú.

Tẹ́ ẹ bá ń fi ìtẹ̀jáde wá àṣìṣe, fprintf(stderr, ...) ni kẹ́ ẹ lò, stderr kì í kó nǹkan jọ. Ti sẹ́ńsọ̀, fflush(stdout) lẹ́yìn láìnì kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan pọ̀ gan-an lójú kọ̀ǹpútà, kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá, kó o wá darí ẹ̀ sínú fáìlì pẹ̀lú >> kó o lè rí i kà bí iná bá lọ.